Bí Ekòló Ṣe Wọ Inú Ilẹ̀ Lọ

Nígbà láéláé, kí ilẹ̀ tó le bó ṣe le lónìí yìí, orí ilẹ̀ ni Ekòló ń gbé bíi ti àwọn ẹranko yòókù. Ó ní ahéré kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà odò. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kù fún un láyé, òun àti ìyá náà ni wọ́n sì jọ ń gbé.

Ìyá ti darúgbó. Bí kò bá rìn, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò gan. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, á jáde, á rọra wọ́ dé etí odò, á sì padà sílé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ekòló ò lẹ́sẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń rìn? Igi ńláńlá ló ṣíji bo ọ̀nà náà, ilẹ̀ abẹ́ wọn sì máa ń tutù. Ìrìn yẹn ló gbé ẹ̀mí ìyá ró.

Nígbà tó yá, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Gbòǹgbò ń gbé ará ìlú ṣubú, igbó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i pa. Erin, tó jẹ́ baálẹ̀ wọn, ní kí gbogbo ìlú jáde.

Àṣà wọn nìyí: bí wọ́n bá fẹ́ tún ọ̀nà ṣe, gbogbo ìlú á kọ́kọ́ jọ rìn ín já. Ẹni tó bá ní ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n gé, á dúró níbẹ̀, á sọ ọ́, wọ́n á sì so màrìwò mọ́ nǹkan náà. Ohun tí màrìwò bá wà lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìgbín, aládùúgbò wọn, yà kí Ekòló.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti mọ ohun tí o máa sọ nítorí ìyá wa?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n fi igi ọ̀dọ̀ wa sílẹ̀."

"Sọ ọ́ sókè o. Ǹ bá bá ọ dá sí i, àmọ́ o mọ ìrìn mi. Wọ́n á ti kọjá kí n tó dé."

Wọ́n gbéra. Ọ̀yà dúró nídìí koríko, ó ní ibẹ̀ lòun ń fi àwọn ọmọ òun pamọ́ sí. Erin tẹ orí ba, ó gbọ́ ọ, wọ́n sì so màrìwò mọ́ koríko. Àgbọ̀nrín bẹ̀bẹ̀ fún ojú ibi tó tẹ́jú tí òun lè máa sáré. Wọ́n gbà fún un.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ekòló.

"Ìdílé Ekòló ńkọ́?" Erin bèèrè. "Ṣé kò sí nǹkan?"

Ekòló wo ẹsẹ̀ baálẹ̀, ó tóbi ju ahéré rẹ̀ lọ. Ó rò ó pé àgbà kan á sọ ọ́. Ta ni òun tí òun á máa sọ fún Erin pé kó fi igi sílẹ̀?

"Baba, ẹnu mi ò tó o," ó ní. "Bí ẹ bá ṣe ṣe é, ó tẹ́ wa lọ́rùn."

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyí," ni Erin wí, wọ́n sì kọjá.

Ìyá ń pe Ekòló látinú ilé. "Ṣé o sọ fún wọn?"

"Wọ́n ti gbọ́, ìyá mi."

Irọ́ ni, ìyá sì gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n gé àwọn igi náà lulẹ̀. Erin àti àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí ó fi le gbagidi. Ọ̀nà dán, Àgbọ̀nrín ń sáré lórí rẹ̀, inú ìlú ń dùn. Ekòló wá oúnjẹ lọ. Ìyá jáde fún ìrìn rẹ̀, oòrùn ò tíì wọ̀. Ó rò pé òjìji wà níwájú, ó ń wọ́ lọ, ó ń wá a.

Ìgbín ló bá a láàárín ọ̀nà. Oòrùn ti pa ìyá, ó ti gbẹ.

Gbogbo ìlú pé jọ. Erin sunkún. "Kí ló dé tí o ò sọ, ọmọ mi? À bá ti so màrìwò mọ́ igi yẹn."

Ó dun Ekòló dé ọkàn pé kò sẹ́ni tó di òun lẹ́nu. Ojú ń tì í láti wo Ọ̀yà, ojú ń tì í láti wo Ìgbín. Ó dorí kodò, ó fi ẹnu kan ilẹ̀.

"Ilẹ̀, mo júbà. Gbà mí."

Ekòló júbà ilẹ̀, ilẹ̀ lanu. Ó wọlé lọ, ilẹ̀ sì padé.

Láti ọjọ́ náà ni ekòló ti ń gbé inú ilẹ̀, tó ń tú u díẹ̀díẹ̀ kó lè rọ̀ bíi ti àtijọ́. Bí òjò bá rọ̀, tí ojú ọ̀nà sì tutù, á jáde wá rin ìrìn tí ìyá rẹ̀ ò rìn parí. Oòrùn a sì máa ká a mọ́ ibẹ̀. Ẹ wo ojú ọ̀nà lẹ́yìn òjò, ẹ ó rí i níbi tó gbẹ sí.