Kànga Tí A Gbẹ́ Nígbà Òjò

Ọkùnrin kan wà tó ní kí wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìnkùlé òun nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Agbẹ́kànga tó pè kọ́kọ́ lọ́ra.

"Bọ̀dá, ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń gbẹ́ kànga. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ ná."

"Ìyàwó mi lóyún. Ṣé kó máa ru omi odò títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé ni?"

Agbẹ́kànga bọ́ sínú iṣẹ́. Kò tíì gbẹ́ ju gíga ọkùnrin méjì lọ tí omi fi mù ún dé orúnkún.

"Ó tó," ni onílé wí láti òkè.

"Kò tó o. Omi òjò nìyí. Orísun ṣì wà nísàlẹ̀."

"Kí lo wá dúró sínú rẹ̀ yẹn, ẹ̀kọ ni? Gòkè wá, jàre!"

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọkùnrin náà rọ omi kànga náà sínú ìgò, ó gbé e jó dé iwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ sì bá a yọ̀. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Omi wà nínú kànga lóòótọ́.

Ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ tán, ọyẹ́ dé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyanrìn ni korobá ń ha bọ̀. Obìnrin náà pọn ọmọ, ó ń lọ sí odò, ó ń bọ̀, títí agbára rẹ̀ fi tán. Ó wá di ẹrù rẹ̀.

"Bàbá Àyọ̀ká, ilé bàbá mi ni mò ń lọ. Bí òjò bá dé, ẹ wá mú wa."

Ọkùnrin náà ò lè wo ojú rẹ̀. Ó gbé ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dí kànga náà. Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ pe agbẹ́kànga, ìyẹn sì sáré dé.

"Bọ̀dá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ó tàn mí jẹ! Mo tiẹ̀ ti fi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Ọpẹ́ yín ò ṣòfò. Kànga yìí ò sì tàn yín. Kò tíì jìn ni."

Ọkùnrin náà ju ṣọ́bìrì sílẹ̀.

"Ìsinsìnyí gan-an ló ṣe é gbẹ́," ni agbẹ́kànga wí. "Kò sí omi òjò tó máa dí mi lọ́wọ́."

Ó kọ́kọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ tí onílé fi dí i jáde. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wa ilẹ̀ gbígbẹ. Onílé dúró lókè, ó ń fa okùn, eruku bo ojú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti ẹrù, kò tú u, kò sì lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, korobá wúwo. Onílé ki ọwọ́ bọ iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀: ó tutù. Kó tó la ẹnu, igbe ti ta nísàlẹ̀.

"Ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ sílẹ̀, èmi ni kí ẹ fà! Omi ti dé mi nídìí!"

Obìnrin náà tú ẹrù rẹ̀.

Arákùnrin mi, o sọ fún mi pé nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi, àdúrà ń dùn lẹ́nu rẹ. Ní báyìí o ń kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kì í jáde. O ní bóyá Olúwa kò gbà ọ́ rí. Má pe ayọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ní irọ́. Òjò ni, Ọlọ́run náà ló sì ń rọ òjò. Ṣùgbọ́n Jésù sọ fún obìnrin ará Samáríà pé omi tí òun ń fúnni yóò di kànga nínú ẹni tó bá mu ún, yóò sì máa sun. Ìwọ ò tíì débẹ̀. Ṣọ́bìrì ló wà lọ́wọ́ rẹ yìí: o ti fi ìpàdé sílẹ̀, o ti gbé Bíbélì sókè àjà. Jọ̀wọ́, jù ú sílẹ̀. Kúnlẹ̀ bí ẹnu rẹ tilẹ̀ wúwo. Ka orí kan, kódà bó bá gbẹ lójú rẹ bí iyẹ̀pẹ̀ inú ọyẹ́. O ti ń gbẹ́ ẹ lọ nìyẹn. Bẹ̀rẹ̀ lónìí, èmi á wà lókè, màá máa bá ọ fa okùn.