Wáìnì Àwẹ̀ró

Ọkùnrin kan wà tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bá a sọ kò ju èyí lọ: "Bàbá Ìbídùn, ẹ tún un tọ́ wò." Ó sọ ọ́ tán, ó yíjú sí ògiri, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ẹ̀mí fi bọ́.

Ọkùnrin náà mọ ohun tó ń wí. Ọdún púpọ̀ ṣáájú ni Ìbídùn, ọmọ wọn tó ń gbé ní Gúúsù Áfíríkà, ti gbé ìgò wáìnì pupa mẹ́ta wálé. Àjàrà tí wọ́n ń pè ní kabanẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n wá po oríṣi mìíràn mọ́ ọn. Ọmọ náà kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé wáìnì náà kò tíì gbó, pé kí wọ́n tẹ́ ẹ sí ibi tó tutù, tó sì ṣókùnkùn, títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ìyàwó sọ fún ọkọ. Ọkọ ní òun gbọ́.

Ṣùgbọ́n òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn bàbá ní ìjọ wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣèpàdé nílé rẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ òun wà lókè òkun. Ó ṣí ìgò kan. Wáìnì tí àwọn bàbá wọ̀nyí mọ̀ kò ju ti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ, èyí tó dùn bí oyin. Wọ́n bu kọ́ọ̀bù kún, wọ́n gbé e mì. Ahọ́n wọn gbẹ bí ẹni tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àìpọ́n.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ nu ẹnu. Ó ní, "Olórí, ibà ta ni ẹ fẹ́ fi àgbo yìí wò?"

Ó yẹ kí ọkùnrin náà wí pé òun ni kò ní sùúrù. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní, "Àwẹ̀ró ni kí ẹ bi. Òun ló gbà á lọ́wọ́ ọmọ. Ẹni tó ti ń ta obì láti kékeré, níbo ló ti fẹ́ mọ ohun tó dùn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà ti gbé àwo ẹran dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó kó ìgò méjì tó kù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ohun gbogbo tó bá korò ti di "wáìnì Àwẹ̀ró" lẹ́nu àwọn bàbá náà. Wọ́n pe egbòogi bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe ìwàásù tó gùn bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ náà ń bá wọn pè é.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, akọ̀wé gé orógbó jẹ, ó fa ojú ro, ó ní, "Wáìnì Àwẹ̀ró nìyí o." Ìgbà náà ló rántí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin náà wolẹ̀, nítorí ó mọ ẹni tó kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí èrò tú ká, ó wọ yàrá tí Àwẹ̀ró ń kó obì títà rẹ̀ sí. Obì kò fẹ́ ooru, kò fẹ́ oòrùn, kò sì fẹ́ ìgbàgbé. Ẹni tó ń tà á mọ èyí. Lẹ́yìn àwọn agbọ̀n, Àwẹ̀ró ti gbẹ́ ilẹ̀, ó da iyanrìn sí i, ó tẹ́ ìgò méjèèjì dùbúlẹ̀, ó fi ewé àti àpò bò wọ́n. Iyanrìn náà ṣì rin. Ó ti ń bomi wọ́n ọn títí àìsàn fi dá a dúró.

Ọkùnrin náà ṣí ìgò kan, ó tọ́ ọ wò. Ó ti rọ̀. Ó kọ́kọ́ korò díẹ̀ bí obì, lẹ́yìn náà ni adùn tẹ̀lé e, tó sì pẹ́ lọ́nà ọ̀fun. Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ojú tì í níwájú àwọn agbọ̀n, bí ẹni pé wọ́n ń wò ó.

Ìwọ tí o ń gbọ́, wáìnì a máa rọ̀ nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o fi ba ẹnìkejì jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rọ̀ níbẹ̀. Kíkan ló ń kan sí i. Ojú ọ̀pọ̀ náà ni kí o ti tún un ṣe, nígbà tí ẹni tí o bà jẹ́ ṣì lè gbọ́.

Ní ti ọkùnrin náà, ìgò kan ṣì kù. Kò tíì pe ẹgbẹ́ jọ. Kò tíì bù ú fún akọ̀wé. Kò tíì sọ fún wọn pé òun ló ṣí ìgò àkọ́kọ́ kí àkókò rẹ̀ tó tó. Kò tíì sọ òtítọ́ náà fún Ìbídùn. Kò tíì bomi wọ́n iyanrìn.