Ọkọ́ Tí Olóyè Mú Búra

Olóyè Láníhùn, tó ń kó ọkọ́ wá láti òkè òkun, ní ọkọ́ òun le ju ti Ògúnsànyà alágbẹ̀dẹ lọ, ó sì ní kí Baálẹ̀ gba ilé arọ, níbi tí alágbẹ̀dẹ náà ti ń rọ irin, fún òun. Ògúnsànyà kò jiyàn. Ó gbé ọkọ́ méjèèjì kalẹ̀, ó ní, "Olóyè, irin la fi ń búra nílùú yìí. Ẹ mú èyí tó wù yín, ẹ fẹnu kàn án, kí ẹ sì wí pé kí ẹ̀mí yín tọ́jọ́ bíi tirẹ̀." Olóyè nawọ́ sí tòkè òkun, ó fawọ́ padà, ó sì mú ti alágbẹ̀dẹ. Baálẹ̀ ní kí Ògúnsànyà máa lọ sídìí iná rẹ̀. Gbogbo wa yìn ín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà, ọkọ́ òkè òkun olówó pọ́ọ́kú la rà. Iná arọ ti kú kí Ògúnsànyà fúnra rẹ̀ tó kú. Nígbà tí a ń gbẹ́ sàréè rẹ̀, ọkọ́ mẹ́ta ló ṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ kó tó jìn dé orúnkún.