Ìdí Tí Ìkòkò Oró Kòkòrò Àìfojúrí Fi Ní Ọmọrí

Nígbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ohun tí ojú kò rí lè wà láàyè, kòkòrò kan ń gbé inú odò tútù lẹ́yìn abúlé kan. Bíńtín ni orúkọ rẹ̀. Ó kéré débi pé odindi ìlú irú rẹ̀ lè jókòó sórí ẹnu abẹ́rẹ́.

Bíńtín ní àwọn ìkòkò wẹ́wẹ́ nínú ilé rẹ̀. Ó ń fi ọ̀kan se oúnjẹ. Ó ń fi òmíràn po lẹ̀ẹ̀ tó fi ń lẹ̀ mọ́ òkúta. Oró ló sì wà nínú èyí tó kẹ́yìn.

Láyé ọjọ́un, ìkòkò kòkòrò kankan kò ní ọmọrí. Gbogbo wọn ń hó tọ̀sán-tòru, ì báà wúlò, ì báà má wúlò. Iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bíńtín.

Ó lọ bá Ìgbín létí odò.

“Bàbá Ìgbín, báwo lẹ ṣe ń la ẹ̀ẹ̀rùn já tí kì í rẹ̀ yín?”

“Mo máa ń pa ẹnu ilé mi dé ni, ọmọ mi. Ohun tí a kò bá tíì fẹ́ lò, ṣe la máa ń bò ó.”

Ìgbín bu díẹ̀ fún un nínú omi yíyọ̀ ara rẹ̀. Bíńtín fi ṣe ọmọrí, ó gan, ó sì dé ẹnu ìkòkò dáadáa.

“Àmọ́ o, bí ooru bá mú un, yóò yọ́,” ni Ìgbín wí.

“Odò wa kò gbóná rí,” ni Bíńtín fèsì, ó sì lọ sùn.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Láràárọ̀ ló máa ń ti ẹsẹ̀ bọ odò náà, tí yóò máa kọrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bíńtín fẹ́ràn ohùn rẹ̀ púpọ̀, ó sì mọ orúkọ rẹ̀. Òkúta tó sún mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà ló máa ń lẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan, òùngbẹ gbẹ Àwẹ̀ró. Ó fi ọwọ́ bu omi mu, Bíńtín sì bá omi wọlé.

Inú ọmọ náà gbóná. Ọmọrí ìkòkò oró yọ́, oró sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kí oòrùn tó wọ̀, ìgbẹ́ gbuuru ti dá Àwẹ̀ró wó. Kò lè kọrin mọ́.

Ìyá rẹ̀ gbé e lé itan. Ó se omi, ó fi iyọ̀ àti oyin díẹ̀ sí i, ó ń fi ṣíbí bu ú sí i lẹ́nu.

“Àwẹ̀ró mi, tọ́ ọ wò. Má sùn lọ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Bíńtín gbọ́ orúkọ náà. Ìgbà yẹn ló tó mọ inú ẹni tó wà. Ó fi ara dí ẹnu ìkòkò náà, oró sì bó o. Ló bá gé lára ara rẹ̀, ó fi ṣe ọmọrí tuntun tí ooru kò lè yọ́. Ṣùgbọ́n ọmọrí náà wúwo, Bíńtín kò sì lágbára láti gbé e mọ́. Ó fi ìdìmú sí i lẹ́yìn, ó wá pe Oyin inú omi tí ìyá ọmọ náà ń fún un, tó ń kọjá lọ.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi di ibí yìí mú.”

Oyin wò ó. “Bí mo bá ti lè mọ ìdìmú yìí, n ó lè máa pa ìkòkò rẹ dé nígbà tó bá wù mí, bí o fẹ́, bí o kọ̀. Ṣé o mọ̀?”

“Mo mọ̀. Ẹ pa á dé.”

Oyin di ìdìmú mú, ó fà á, ìkòkò oró sì dákẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró lajú, ó ní òun fẹ́ mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ìyá rẹ̀ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni kòkòrò àìfojúrí kì í ti í ṣí gbogbo ìkòkò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ọjọ́ náà ni ìdìmú sì ti wà lẹ́yìn ọmọrí wọn, tí ẹni tó wà níta lè dì mú. Àwọn kan nínú ọmọ Bíńtín fi ìdìmú tiwọn pamọ́. Ìdí rèé tí àwọn onímọ̀ fi ń tẹjú mọ́ awò tó ń mú ohun bíńtín tóbi, tí wọ́n ń fi sùúrù wá ìdìmú náà, kí wọ́n lè bá ìyá ọmọ kan pa oró dé.