Ìṣaasùn Méjì Níwájú Ọba Òwéré

"Ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ á gbóná." Gbogbo wa la ń pa òwe yìí. Bàbá ń pa á fún ọmọ, ọ̀gá ń pa á fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́, ìkòkò wo ni ó sì ń bá wí? Ẹ jókòó. Kò gùn.

Ìlú méjì wà létí odò kan láyé àtijọ́, Ìpámọ̀ lápá òkè, Ìrókò-Odò lápá ìsàlẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí a fi ń kì í. Bí a bá dárúkọ ọ̀kan, iṣu là ń rántí. Bí a bá dárúkọ òmíràn, aṣọ. Ìpámọ̀ kò ní iṣu, kò ní aṣọ. Ìṣaasùn ló ní, ìkòkò ọbẹ̀ tí ń dúró lórí iná láti òwúrọ̀ di alẹ́ láì sán. Tẹ́ ẹ bá ní kí Ìpámọ̀ wí tẹnu rẹ̀, kí àwọn tó mọ ìṣaasùn, àmù omi nìkan layé mọ̀ ọ́n mọ, sísun ni wọ́n sì ń sun gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ. Ìrókò-Odò ní irọ́ ni. Wọ́n ní ìyá-ńlá àwọn ló dá ìṣaasùn sílẹ̀, pé Ìpámọ̀ ló jí i.

Àwẹ̀ró ni olórí àwọn amọ̀kòkò Ìpámọ̀ nígbà náà. Obìnrin tí kì í fọkàn tán òjìji ara rẹ̀ ni. Tí o bá kí i pé ẹ kú iṣẹ́, yóò kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ.

Ó nídìí. Àṣírí kan wà nínú amọ̀ Ìpámọ̀. Kí wọ́n tó mọ ìṣaasùn, wọ́n a kó àpáàdì, àfọ́kù ìkòkò tó ti wà lórí iná rí, wọ́n a lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, wọ́n a pò ó mọ́ amọ̀ tútù. Àfọ́kù tó ti rí iná ni í kọ́ amọ̀ tuntun bí a ti ń fara da iná. Obìnrin mẹ́rin péré ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n sì ti mulẹ̀ pé ìyàwó tí a bá fẹ́ wá láti ìlú mìíràn kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n.

Àrìnọlá, ìyàwó ọmọ Àwẹ̀ró, Ìrókò-Odò ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá.

Ó ti lo ọdún mẹ́fà nílé ọkọ. Ó mọ bí a ti ń dojú ìkòkò àtijọ́ délẹ̀, tí a ń tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, tí a ń fẹ̀yìn rìn yí i po títí yóò fi dọ́gba. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lọ àpáàdì, Àwẹ̀ró a pè é.

"Ìyàwó, igi ti tán."

Àrìnọlá a wo igi tí wọ́n tò jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ga dé àyà rẹ̀. "Ó dáa, Ìyá." A mú okùn, a gba oko lọ. Kò bèèrè rí. Àìbèèrè yẹn gan-an ló ń kọ Àwẹ̀ró lóminú. Ta ni kì í bèèrè?

Lọ́dún keje, ìyá Àrìnọlá kú. Ó lọ sìnkú ní Ìrókò-Odò, ó sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìṣaasùn Ìrókò-Odò dé ọjà. Ọrùn rẹ̀ bí ti Ìpámọ̀, ètè rẹ̀ bí ti Ìpámọ̀. Àní ilà tí Àwẹ̀ró máa ń fi ṣùkù àgbàdo yí mọ́ ọn lára, ó wà níbẹ̀.

Àwọn ará Ìrókò-Odò kò dúró síbẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọba Òwéré, tí ìlú méjèèjì ń sìn, pé kí ó dájọ́. Ìlú tó bá ni ìṣaasùn ni kí ó ni kòtò amọ̀ etídò. Èkejì kò gbọdọ̀ ti ọkọ́ bọ̀ ọ́ mọ́. Kòtò kan ṣoṣo náà ni. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ Ìpámọ̀, iṣẹ́ tán nìyẹn fún gbogbo obìnrin ìlú.

Ilé kò gba Àrìnọlá mọ́. Bó bá lọ pọnmi, àwọn yòókù a sún sẹ́yìn.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án," ni wọ́n á wí. "Òkú wo ni wọ́n ń fi ọjọ́ mẹ́sàn-án sin? Òkú erin?"

Àrìnọlá a pọn omi rẹ̀, a gbé e lọ. Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ kò bú u. Ó kàn ń wò ó. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé bí ẹjọ́ bá dá wọn lẹ́bi, kí ó dá ìyàwó padà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Lọ́jọ́ ẹjọ́, ó mú Àrìnọlá dání lọ sí Òwéré. Ó fẹ́ rí ẹni tí Àrìnọlá yóò kí láàárín àwọn ará Ìrókò-Odò.

Wọ́n gbé ìṣaasùn méjì síwájú ọba. Lákànmí, agbẹnusọ Ìrókò-Odò, dìde. Ẹnu rẹ̀ dùn.

"Kábíyèsí, ẹ fọwọ́ pa tiwọn. Ṣé kì í ṣe bí ahọ́n màlúù? Ẹ wá fọwọ́ pa tiwa. Ṣé ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀ ni yóò ṣe é jákujàku, kí olè wá ṣe é kó dán?"

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Ọba fọwọ́ pa ti ìhín, ó fọwọ́ pa ti ọ̀hún. Ó mi orí. Àwọn obìnrin Ìpámọ̀ sorí kodò.

Àwẹ̀ró kò wo ọba. Àrìnọlá ló ń wò. Ìyàwó náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ìdí ìkòkò Ìrókò-Odò ló tẹjú mọ́. Àwẹ̀ró bá dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fọwọ́ kàn án. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìdí ìkòkò náà. Ó dán bí ẹyin. Kò gba ọwọ́ rẹ̀ gbọ́, ó tún pa á. Asẹ́ ni wọ́n fi sẹ́ amọ̀ yìí. Ohun tó ń ha wọ́n lọ́wọ́ lára ìkòkò Ìpámọ̀, ìdọ̀tí ni wọ́n pè é, wọ́n sì sẹ́ ẹ dànù.

A jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé àpáàdì ni.

"Kábíyèsí," ni ó wí, "ẹ jẹ́ ká se ọbẹ̀."

Lákànmí fò dìde. "Ọbẹ̀ kẹ̀! Ìkòkò tó rẹwà báyìí, ẹ fẹ́ fi èéfín bà á jẹ́?"

"Kí lẹ̀ ń fi ìṣaasùn ṣe ní Ìrókò-Odò? Ṣé ẹ̀ ń pọ̀n ọ́n ni?"

Ẹ̀rín sọ. Lákànmí nu ojú. "Ẹ jẹ́ ká se ọbẹ̀ náà sínú nǹkan mìíràn. Tó bá jinná, a ó dà á sínú tiwa, a ó sì jẹ ẹ́ níbẹ̀."

Àwẹ̀ró wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Bàbá, ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ á gbóná."

Ọba ní kí wọ́n dáná.

Wọ́n to ààrò méjì. Wọ́n bu omi, epo àti ata sínú ìkòkò méjèèjì. Ti Ìpámọ̀ dákẹ́, ó gbóná, ó hó. Ti Ìrókò-Odò náà gbóná, ó sì fẹ́ hó. Lákànmí ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ "pá!" Ìdí ìkòkò yọ. Gbogbo ata dà sínú iná. Èéfín ata gba ààfin. Àwọn ìjòyè sá, ọba sín títí adé fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn gbé èéfín lọ, ọba padà jókòó, ó nu ojú, ó ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ wá fún òun nínú èyí tó kù. Ìdájọ́ nìyẹn.

Lójú ọ̀nà ilé, àwọn obìnrin ń kọrin lọ níwájú. Àwẹ̀ró fà sẹ́yìn títí ó fi ku òun àti Àrìnọlá.

"Kí ló wà nínú amọ̀ wa?"

"Àpáàdì, Ìyá."

Àwẹ̀ró dúró. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọdún àkọ́kọ́. Bí mo bá ti oko igi dé, ekuru pupa máa ń wà ní ìpéǹpéjú yín. Àfọ́kù ẹ̀yìnkùlé á sì ti dín."

"Àwọn ènìyàn rẹ kò bi ọ́ níbi òkú?"

"Wọ́n bi mí. Ojoojúmọ́ ni. Wọn ò sì jẹ́ kí n lọ. Ohun tó sọ ọ́ di ọjọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ò tíì fún mi, Ìyá. Ohun tí wọn ò fún mi, báwo ni n ó ṣe fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ?"

Àwẹ̀ró wò ó, ó ń wá irọ́ lójú rẹ̀. Kò rí i. Ó tún wá a. Lẹ́yìn náà ó yíjú sọ́nà ilé, ó ń lọ.

Nígbà tí ọjọ́ àpáàdì tún pé, ó pe ìyàwó. Àrìnọlá ti mú okùn dání.

"Gbé okùn yẹn sílẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Igi ṣì wà." Ó sì na ọmọ ọlọ sí i.

Nígbà tí Àwẹ̀ró kú, Àrìnọlá ni wọ́n fi ṣe olórí amọ̀kòkò. Àwọn kan kùn pé ọmọ Ìrókò-Odò ni. Àwọn àgbà obìnrin dá wọn lóhùn pé ìdí tirẹ̀ ti gbóná ná, kí ẹni tí tirẹ̀ náà bá ti gbóná jáde síta. Kò sẹ́ni tó jáde.

Bí ẹ bá dé Ìrókò-Odò, wọn á sọ fún yín pé ìkòkò àwọn kò sán lọ́jọ́ náà. Ẹ ní kí wọ́n gbé e wá.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń wá oyè, tàbí iṣẹ́, tàbí ọlá, tí kò sì fẹ́ kí ìyà rẹ̀ kan òun, òwe yìí ni àwọn àgbà máa ń pa fún un. Wọ́n sì ń pa á fún ẹni tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́, kí ó má bàa sọ̀ kalẹ̀ lórí ààrò kí ọbẹ̀ tó jinná. Ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ á gbóná.