Kọ́ìlì Ẹ̀yìn Dáṣíbọ́ọ̀dù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Làsísì Ajéwọlé kò mọṣẹ́, irọ́ ló pa. Nínú ọgbà mẹkáníìkì ojú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn ní ìlú Ọ̀yọ́, kò sí ẹni tó mọ éésì, ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ tutù, tó o. Ohun kan ṣoṣo ni kì í ṣe: kì í tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó tú ọ̀kan rí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríídọ̀mù kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó tò ó padà tán, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, ọkọ̀ sì ń dún wọnranwọnran bí igbá tí wọ́n kó ṣíbí sí. Àwọn ará ọgbà sọ ọ́ ní Tú-má-lè-tò. Orúkọ náà dùn ún wọ eegun, ó sì búra pé òun kò tún tú òmíràn mọ́.

Lọ́jọ́ kan, Ìyáàfin Morádékẹ́ Ọ̀ṣúntókí, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Àyà ń dun ọkọ rẹ̀, gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni màmá sì ń gbé e lọ rí dókítà ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá ṣí gíláàsì ọkọ̀, eruku yóò mú kí ikọ́ gbé bàbá. Bí wọ́n bá tì í láìsí éésì, ooru yóò sé èémí mọ́ ọn nínú.

Làsísì fi ìfófòó ọṣẹ pa gbogbo páìpù ibi ẹ́ńjìnnì, ó ń wò bóyá ibi kan yóò hó. Kò síbi tó hó. Ó rọ gáàsì tuntun sí i, inú ọkọ̀ tutù nini, màmá dúpẹ́, ó lọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tó tún dé.

“Ọ̀gá Làsísì, ó ti tún gbóná o.”

“Ẹ má dààmú, màmá. A ó tún rọ ọ́.”

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, màmá tẹjú mọ́ ọn. “Ṣé kò síbi tí ẹ ò tíì wò ni?”

Ó ku ibì kan, Làsísì sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Kọ́ìlì tí gáàsì ń gbà kọjá kí atẹ́gùn lè tutù, ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà, níbi tí ọṣẹ kò lè dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀sín àwọn ará ọgbà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

“Kò sí, màmá. Gáàsì tìjọ́sí ni kò dáa.”

Ẹ gbọ́ irọ́ lẹ́nu àgbàlagbà!

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọn kò tíì dé Fìdítì tí éésì fi gbóná. Màmá yí gíláàsì wálẹ̀ díẹ̀, tírélà kan sì kọjá, eruku bo gbogbo inú ọkọ̀. Ikọ́ gbé bàbá títí ojú rẹ̀ fi yí. Orí ló yọ ọ́. Màmá ṣẹ́rí padà, ó di ọ̀dọ̀ Làsísì.

Kò pariwo. Ó kàn ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. “Ẹ wọlé, kí ẹ jókòó ti bàbá.”

Làsísì jókòó nínú ooru náà, ó ń gbọ́ bí àyà bàbá ṣe ń dún. Àánú ṣe é, ojú sì tì í gan-an.

“Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo mọ ibi tó ti ń jò. Ẹ̀rù àtitú ló bà mí.”

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìwọ nìkan kọ́, ọmọ mi. Láti èṣí ni dókítà ti ní kí òun ṣí àyà mi, kí òun yọ ohun tó hù síbẹ̀. Èmi ni mo kọ̀. Oògùn ikọ́ ni mò ń lọ gbà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.”

Omi bọ́ lójú màmá, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Làsísì bọ́ sílẹ̀, ó lọ mú sukurudiráfà.

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ṣe é. Ó ya àwòrán dáṣíbọ́ọ̀dù sára páálí, ó sì ń gún nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tó ti tú u lórí àwòrán náà. Bàbá gbé àga wá síbẹ̀, ó ń wò ó. Nígbà tí kọ́ìlì jáde, ó ti dúdú fún ọ́ìlì, ihò kan sì wà lára rẹ̀ tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bàbá gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Ohun tó ń dààmú wa látọjọ́ yìí rèé?”

“Òun ni, bàbá.”

Bàbá di èyí tó ti bàjẹ́ náà mú títí Làsísì fi de kọ́ìlì tuntun mọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe ìyàwó rẹ̀. “Morádékẹ́, pe dókítà. Sọ fún un pé mo ti gbà.”

Lẹ́yìn oṣù kan, ọkọ̀ náà yà sí ọgbà, gíláàsì rẹ̀ wà ní títì, inú rẹ̀ sì tutù. Bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, ó fi ojú ọgbẹ́ han Làsísì.

“Wọ́n tú èmi náà o, Làsísì. Ọ̀dọ̀ dókítà ni mo ti ń bọ̀, ilé ni mò ń lọ.”

Láti ọjọ́ náà, bí àwọn àgbà ọgbà bá rí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọ̀rọ̀ lórí tí kò fẹ́ dé ìdí rẹ̀, òwe tí wọ́n ń pa fún un ni pé: ẹni tó bá sá fún títú, gáàsì ni yóò máa rọ.