Àmì Etí Igbá

Ìbídùnní, gbọ́ ìtàn kan: ọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ ń fín igbá. Gbé fọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀la lo máa dá a padà. Àyè kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ kọ́ kò ní sá lọ.

Ọkùnrin yìí mọ igbá fín. Alángbá tó bá fín sára igbá, bí ẹni pé yóò sá gun ògiri ni. Ó sì fẹ́ràn íńtánẹ́ẹ̀tì. Á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa rò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kúrò ní ìlú kan, tó sì ń yọ sí ẹni tó wà lókè òkun kí onítọ̀hún tó ṣẹ́jú. Àwọn ará ilé ní kó mú ọ̀kan. Wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì, yóò pòfo.

Ó fi ọ̀bẹ sórí àjà, ó lọ kọ́ iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ríṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn, kò sì mọ ẹni tí yóò sọ fún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, oorun gbé e lọ. Ó rí odò kan lójú àlá, ó fẹ̀, ó sì dákẹ́. Ààbọ̀ igbá ló kún ojú odò náà, wọ́n ń léfòó, ìmọ́lẹ̀ kékeré ń tàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọrí kan wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó wọnú odò, omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń fi ọmọrí náà dé igbá kan tẹ̀ lé òmíràn. Eléyìí tóbi jù, tọ̀hún wọ́. Kò sí èyí tó bá a mu, omi sì ń gbé wọn lọ. Ó sunkún títí ẹkún fi jí i.

Ó wọkọ̀ lọ sílé, ó rọ́ àlá náà fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Igbá kan tí kò tíì là wà lórí itan rẹ̀. Ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ìlà kúkúrú kan dábùú ibi tí ayùn yóò gbà, ó wá là á sí méjì. Ìdajì ìlà náà wà létí igbá, ìdajì wà létí ọmọrí.

“Ọmọ mi,” ó ní, “igbá tí a bá là láìsàmì sí i, ọmọrí rẹ̀ ti sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ wà nínú ilé. Kí lo kọ́kọ́ ṣe lọ́jọ́ tí o fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni tó ní kí o yan ọ̀kan?”

Ọkùnrin náà rántí. Alángbá ló yà síbẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí kò mọ̀ rí, ó sì jókòó, ó ń retí bóyá ẹni náà á rẹ́rìn-ín.

Ó gbé ọ̀bẹ kúrò lórí àjà. Lónìí, ó ń ya àwòrán sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé ìwòsàn, kí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé lè fọwọ́ kan àwòrán, kó sì mọ ọjọ́ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ó tún ń ṣèwádìí ohun tó ń mú kí ojú ènìyàn dúró sórí àwòrán kan, kó sì fo èkejì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Kò lé eku méjì rárá. Eku kan náà ni, ihò méjì ló ní.

Ìwọ náà, má bi mí pé èwo ni kí o yàn nínú àwòrán àti íńtánẹ́ẹ̀tì. Wá àmì rẹ. Bí o bá sì ti gbàgbé, èmi ò gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọ́ nígbà tí mo ní kí gbogbo kíláàsì ṣàlàyé ohun tí íńtánẹ́ẹ̀tì jẹ́. Àwọn yòókù kọ ọ̀rọ̀. Ìwọ ya wáyà tó gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá, ẹja méjì gbé etí lé e, wọ́n ń gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń kí ìyá rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo fún ọ ní òdo. Mo ní a kò sí ní kíláàsì àwòrán.

Èmi ni mo là ọ́ sí méjì, ọmọ mi. Ó ń dùn mí. Ìwé tí o yàwòrán sí náà rèé, ọdún kọkànlá tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀ nìyí. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀mù yẹn kí o tó kọ ohunkóhun. Bí àyè kan ṣoṣo yẹn kò bá sì gbà á, kọ ọ́ kọjá ìlà.